Ọ̀sán Tí Mo Túmọ̀ Ọ̀pẹ́rà fún Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi

Mo rántí ọ̀sán kan tí oòrùn mú ganrín-ganrín nílùú Ọ̀wọ̀, tí gbogbo àwa tí a pe ara wa ní ọ̀làjú sì jókòó sínú òkùnkùn biribiri tí a fi ọwọ́ ara wa dá. Aṣọ dúdú ni wọ́n ta bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa, wọ́n sì fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yọ́ wọlé. Òórùn kánfọ̀ tó wà lára kóòtù mi ń já wọ imú àwọn tó jókòó tì mí, òógùn ń ṣàn láti ọrùn mi lọ sí ìdí, síbẹ̀ mo gbé àyà síwájú bí ẹni pé ààfin ni wọ́n bí mi sí. Kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti lè ka ìwé ìròyìn gẹ̀ẹ́sì sókè láìkọsẹ̀, ènìyàn pàtàkì ni. Èmi lè kà á, mo sì máa ń kà á níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni mí, orin ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé míṣọ́n kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ orin ìyìn tó tó ogójì í tẹ̀ láìwo ìwé, èyí sì ti tó láti mú mi gbà pé kò sí orin kan lábẹ́ ọ̀run tí ẹnikẹ́ni tún lè fi kọ́ mi. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi tilẹ̀ burú ju ọmọ yẹn lọ, nítorí oko tí n kò dé rí ni mo ń júwe ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́ òyìnbó kan tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni olórin. Kí ó tó fẹ́ ọkọ, orí pèpéle ló ti ń kọrin jẹun nílùú wọn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń kọ orin sílẹ̀ fi ọ̀pẹ́rà tuntun ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ọ̀pẹ́rà ni eré tí wọn kì í fi ẹnu lásán sọ, orin ni wọ́n fi ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ kò gbà ju ẹnì kan ṣoṣo lórí pèpéle pẹ̀lú píánò kan lọ. Ìyàwó ọ̀gá ní òun máa kọ ọ́, kí ọkọ òun tẹ píánò sí i, kí a sì pe àwọn òbí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá wò ó. Ó wá sọ fún mi pé kí n bá òun fi Yorùbá ṣe àlàyé ráńpẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó ti fẹ́ jókòó sọ ìtàn inú rẹ̀ fún mi báyìí, mo ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé mo mọ ọ̀pẹ́rà náà dáadáa. Obìnrin náà wò mí títí. Èmi rò pé ẹnu ló yà á sí ọgbọ́n mi. Orin tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó ti wọ Nàìjíríà, nínú àpò lẹ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọ rí níta gbangba, òun ni mo ní mo mọ̀. Ó fún mi ní bébà kan tó kọ ìtàn náà sí. Mo ká a, mo tì í bọ àpò kóòtù, n kò sì wò ó mọ́, nítorí bí mo bá kà á, èmi fúnra mi yóò mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun tó jẹ mí lógún lọ́jọ́ náà kì í ṣe orin rárá. Mò ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni òun náà, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá rí i lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi á máa wá ibi tí yóò gbà. Baba rẹ̀ ti kú. Àbúrò baba rẹ̀ ti sọ fún àwọn ènìyàn mi pé bí ìyá ọmọ bá ti fọwọ́ sí i, kí a máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ìyá yìí ni gbogbo rẹ̀ wá kù sí lọ́wọ́. Opó ni, ó ń ṣe epo pupa, ó sì ń mójú tó oko kòkó díẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló bí, méjì ló kù fún un láyé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí i, mo ka gbogbo ìwé ẹ̀rí mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́ ohun tí o mọ̀. Ìwà rẹ ni n kò tíì rí." Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, mo sì pinnu pé ibi tí ìwà mi ti lè hàn jù lọ ni gbọ̀ngàn ọ̀pẹ́rà, nínú kóòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó. Mo ránṣẹ́ pè é. Òun àti obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wọn sì wọ lọ́rì wá.

Mo fi wọ́n sí ìjókòó iwájú, mo mú àfẹ́sọ́nà mi jókòó sí apá kejì ìyá rẹ̀, mo sì gun pèpéle lọ ṣe àlàyé. Gbólóhùn méjì ni ìyàwó ọ̀gá bẹ̀ mí fún. Mo sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀gá fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ fún àwọn ènìyàn mi pé ọ̀pẹ́rà kì í ṣe ohun tí ojú oko lè rí, pé orí pípé ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì dìde títí yóò fi parí. N kò sọ ohun tí eré náà dá lé lórí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi, mo tẹrí ba, mo sì padà lọ jókòó ti ìyá náà bí ẹni tó ti gba ìyàwó tán.

Wọ́n pa gbogbo iná àfi àtùpà kan ṣoṣo. Ọ̀gá fọwọ́ ba píánò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí àwo ń jábọ́ láti orí pẹpẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó ni àwo sì ń dúró kí èyí tó kàn jábọ́. Kò sí ibi tí ènìyàn lè mi orí sí, ṣùgbọ́n èmi ń mi tèmi. Mo tilẹ̀ di ojú mi díẹ̀, nítorí mo ti rí i lára òyìnbó kan pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tí orin bá wọ̀ wọ́n lára. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, mo yíjú padà, mo wò wọ́n bí ẹni tí yóò jẹ wọ́n.

Ìyàwó ọ̀gá jáde wá nínú aṣọ dúdú, irun orí rẹ̀ tú sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti pákó tí iná jó ni wọ́n kó jọ sórí pèpéle bí ilé tó wó. Ó ń gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo abẹ́ wọn, ó ń kígbe ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fà á, tó ń já a, tó ń gbé e sókè bí ẹni tí nǹkan ta, èmi tí mo ń ka ìwé ìròyìn kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ìyá náà fara sún mọ́ mi. "Tíṣà, kí ló ń wá?"

Bí mo bá ní n kò mọ̀, ayé mi ti bàjẹ́. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ló sọnù, Màmá."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ nù. Òun ló ń bú báyìí."

Ó tún kọjú sí pèpéle. Àfẹ́sọ́nà mi bojú wò mí nínú òkùnkùn, mo sì ṣe bí ẹni tí orin ti gbé lọ. Láìpẹ́, obìnrin orí pèpéle gbé pákó kan sókè, ó dákẹ́ lójijì. Píánò náà dákẹ́. Ó mú bàtà kékeré kan jáde lábẹ́ pákó náà, bàtà ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù, ó ti ọwọ́ bọ inú bàtà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń mi ara síwá-sẹ́yìn. Mo ní ojú mi wà lágbárí mi o. Mo rí gbogbo èyí bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí. Mo wá fi ẹnu kan etí ìyá náà, mo ní, "Wọ́n ra bàtà tuntun fún un, inú rẹ̀ ń dùn."

Ìyá náà kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó sọ ọ́ ní èdè Ọ̀wọ̀ wa, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọma rẹ̀ ló kú."

Lójú kan náà, obìnrin orí pèpéle figbe ta. Igbe náà kò ní orin nínú, n kò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pè é. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, wọn kì í jẹ́ kí ó dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti sunkún. Àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí ló ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́, wọn á jókòó tì í, wọn á dì í mú, wọn á sì gba nǹkan ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbàjá, ó dìde. Àwọn obìnrin méjèèjì tó bá a wá dìde pẹ̀lú rẹ̀. Mo di etí ìró rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ jókòó! Eré ni!"

"Fi mí sílẹ̀, Tíṣà. Ẹni tó ń ṣeré kì í ké báyẹn."

Ó gun pèpéle, àwọn obìnrin méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù, ó rọra yọ bàtà náà kúrò lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ níbi tí ojú kò ti ní tó o mọ́, ó sì fa orí rẹ̀ mọ́ àyà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà. "Ó tó, ó tó. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó tó, ìyá mi." Ìyàwó ọ̀gá fẹ́ máa kọrin lọ. Ó kọ ìlà kan, ó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ohùn rẹ̀ sì já. Lẹ́yìn náà ló wá sunkún gan-an, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sunkún. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dúró lórí píánò. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ o," àwọn àgbà ọkùnrin sì ṣí fìlà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi ń rò? Mò ń rò pé wọ́n ti bà mí jẹ́ lójú òyìnbó. Mo sáré gun pèpéle, mo dúró níwájú àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jókòó sílẹ̀, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì tó dán jù lọ tí mo ní bẹ ìyàwó ọ̀gá. Mo ní kí ó má bínú sí wọn. Mo ní ará oko ni wọ́n, wọn kò lajú, wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀pẹ́rà. Ó gbé ojú rẹ̀ tó kún fún omijé kúrò ní èjìká ìyá náà, ó wò mí, ó ní kí n jọ̀wọ́ lọ jókòó. Bí mo ti yípadà, àfẹ́sọ́nà mi ló dúró lẹ́yìn mi. Ó ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ dán ju tèmi lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wọ́n ká aṣọ ojú fèrèsé, oòrùn sì wọlé. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyàwó ọ̀gá sin àwọn obìnrin náà dé ìdí lọ́rì, òun àti ìyá náà di ara wọn lọ́wọ́ mú jálẹ̀ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì. Bóyá ó ti sin ọmọ rí ni o, bóyá orin náà ló kàn ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀ títí di òní. Èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo gbé gèlè ìyá náà tó já bọ́ lọ́nà dání, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi títí lọ́rì fi gbéra.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó lè gbé ojú sókè. Ní ọ̀sán Sátidé, mo fi kóòtù sílẹ̀, mo so gèlè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì wà á lọ sí Ẹmùrẹ̀-Ilé láti lọ tọrọ àforíjì. Ìyá náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa ẹyìn, epo ti kun ọwọ́ rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyá ní kí n dìde, ó gba gèlè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì béèrè àlàáfíà ìyá mi. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ bá òyìnbó sọ lọ́jọ́ náà fún màmá mi. Ẹ sọ ọ́ ní èdè wa."

Èmi ògbufọ̀! Mo ní, "Mo sọ fún un pé àgbà obìnrin láti ìgbèríko ni Màmá."

"Kì í ṣe bí ẹ ṣe wí i nìyẹn."

"Mo ní... mo ní wọn kò tíì wo ọ̀pẹ́rà rí."

"Ẹ wí èyí tó ṣáájú rẹ̀."

Mo tún padà dọ̀bálẹ̀, bóyá nítorí pé ó rọrùn kí n sọ ọ́ fún ilẹ̀ ju kí n sọ ọ́ fún ojú rẹ̀ lọ. "Mo ní ará oko ni yín. Mo ní ẹ kò lajú."

Ọwọ́ ìyá náà dúró díẹ̀ lórí ẹyìn, ó sì tún ń ṣa á lọ. "Òtítọ́ ni," ó wí. "Oko náà ni mo ti dé láàárọ̀ yìí." Lẹ́yìn náà, ó bojú wò mí. "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ta ló ń jókòó tì í?"

N kò mọ̀. Ilé wọn kò jìnnà sí yàrá mi ju ibi tí a lè ké pe ènìyàn lọ. Láti ọjọ́ ọ̀pẹ́rà náà, ojú ń tì mí, mo ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí n má bàa pàdé rẹ̀. Mo ní, "Màmá, n kò tíì débẹ̀."

"Láti ọjọ́ náà?"

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá. Ó ní, "Màmá mi ti dárí jì yín, èmi náà sì lè gbàgbé èyí tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹkún yẹn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá, ẹ kò lọ wò ó. Bí ọmọ bá kú mọ́ èmi lọ́wọ́ nínú ilé yín ńkọ́? Ẹ óò máa fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé mi fún àlejò ni. Ẹ má bínú, n kò lè fẹ́ yín." Ó wọlé lọ. N kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Mo ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo dé ibi igi obì kan lẹ́yìn ìlú, mo fi kẹ̀kẹ́ ti igi, mo jókòó sí gbòǹgbò rẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tí n kò fi ṣe fáàrí. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, mo nu ojú kíákíá, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ìyá náà ni. Ó jókòó tì mí lórí gbòǹgbò, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo lé mi lẹ́yìn.

Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "N kò ní bẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí o dá jókòó síbí."

Ó jókòó tì mí títí mo fi sunkún tán. Kò gbà mí níyànjú, kò sì pa òwe kankan fún mi. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé ìyàwó ọ̀gá ni mo wa kẹ̀kẹ́ náà gbà lọ tààrà, pẹ̀lú àmì ìka epo lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo tò jọ lójú ọ̀nà pòórá. Ó fún mi ní àga, mo jókòó, òun náà jókòó, n kò sì sọ nǹkan kan títí tíì tó gbé fún mi fi tutù.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ọkùnrin mìíràn, èmi náà fẹ́ ìyàwó, Ọlọ́run sì bù kún wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo sin àkọ́bí mi, mo jókòó ti ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje, n kò bá àlejò kankan sọ gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà lókè òkun bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí bóyá Bàbá àgbà ti lọ wo ọ̀pẹ́rà rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan, ní Ọ̀wọ̀ níbí. Wọ́n ní ṣé ó yé àwọn ènìyàn nígbà náà. Mo ní ó yé wọn, gbogbo wọn pátá, láti ìyá elépo dé orí àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹnì kan péré ni kò yé, òun ló sì jókòó síwájú, tó ń túmọ̀.